Káàdì Yẹkínì àti Ọmọ Tí Kò Mọ Iye Rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ọmọ méjì fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀kan mọ̀ pé káàdì tó wà lọ́wọ́ èkejì ṣọ̀wọ́n, pé téèyàn bá wá gbogbo Ìbàdàn kiri, agbára káká ló fi máa rí méjì. Èkejì kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ kò purọ́. Kò fi ipá gbà á. Ó kàn dákẹ́ ni, ó na káàdì mìíràn tó ń dán gbinrin sí i, ó ní, "Ṣé ká ṣe ṣéńjì?" Èkejì ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe é, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Ṣé ìrẹ́jẹ wáyé níbẹ̀ àbí kò wáyé?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn, kí la fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ mú káàdì yẹn kúrò, kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́ nínú ọ́fíìsì ìjọba pé ọ̀nà títì ń bọ̀ ní apá Ológunẹ́rú, ó sáré lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tó ní oko níbẹ̀, ó sì rà á ní iye tí wọ́n ń ta oko. Kò purọ́. Ó kàn dákẹ́ ni. Tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù tòkunbọ̀ sí ipò rẹ̀: ẹni tó ń tà á mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, ẹni tó ń rà á kò sì béèrè. Ìbéèrè kan náà ni. Lójú tiwa, orí káàdì ló ti rọrùn jù láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé níbẹ̀, kò sí ebi, kò sí owó ilé, kò sí lọ́yà. Ọmọ méjì ni, bébà méjì, àti nǹkan kan tí ọ̀kan mọ̀ tí èkejì kò mọ̀.

Àwa tí a dàgbà ní Ẹlẹ́yẹlé, láàárín olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àti adágún omi tí wọ́n fi ìsédò sé odò Ọ̀nà sí ní ọdún 1942 kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìbàdàn, a ò mọ baseball. Inú fíìmù la ti ń rí i: ọkùnrin kan di igi mú, èkejì ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i, gbogbo èrò ń pariwo, a ò sì mọ ẹni tó jẹ. Káàdì tiwa, ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, àti ti àwọn oníjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, Yu-Gi-Oh àti Pokémon dé. Àwọn kan ń bá ṣìngọ́ọ̀mù wá. Àwọn kan wà lórí páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ìyá tó ń ta súwíìtì máa fi sísọ́ọ̀sì gé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára jù, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló ń mú un wá, ọmọ tí irú rẹ̀ bá sì dé ọwọ́ rẹ̀, ọba ni títí wọ́n á fi wọlé padà.

Ẹ jẹ́ ká dá a sílẹ̀ pé ayédèrú ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán lè má bá ojú tó wà lókè mu rárá. Ẹ lè rí ẹni tó dúró bí Okocha, kí wọ́n kọ Amokachi sí i lẹ́sẹ̀. Ìyẹn kò ká ẹnikẹ́ni lára. A mọ ojú wọn, a sì ń fi ẹnu ara wa tún orúkọ náà ṣe.

Èdè òwò náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ọmọ kan á di káàdì rẹ̀ mú bí ẹni ka owó, á máa fi àtàǹpàkò ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì á máa wò ó, á máa wí pé, "Mo ní i. Mo ní i. Mo ní i. Mi ò ní i!" Ibi "mi ò ní i" yẹn ni ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ń sọ ohun kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí káàdì Match Attax, débi pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dè é nítorí ìjà tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ sì wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá pariwo "mi ò ní i" jù, iye ọjà ti lọ sókè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ á ṣe bí ẹni pé kò rí i, á kọjá lára rẹ̀, á tún fi ọgbọ́n padà síbẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Sángo ni.

Ní ọdún 1990, irú ọ̀rọ̀ yìí di ti kóòtù ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 12 kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì baseball, ó rí káàdì Nolan Ryan ti ọdún 1968, ìgbà tí Ryan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ 1200 sí i, dọ́là 1,200 sì ni wọ́n fẹ́ fi sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wọn tajà lọ́jọ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa káàdì. Ó rò pé dọ́là 12 ni, ó sì gba dọ́là 12 lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n dá káàdì òun padà. Ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ ní ó ti tà á, kò sí padà. Ó di ẹjọ́, àwọn oníwèé ìròyìn gbé e káàkiri. Kí adájọ́ tó sọ ẹni tó jàre, àwọn méjèèjì gbà pé kí wọ́n ta káàdì náà ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ àánú.

A ò rí ohun tó burú nínú àdéhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ ìbéèrè sílẹ̀ ni. Owó lọ sọ́wọ́ àwọn aláìní, ó dáa. Ta ló wá jàre? Nígbà tí àwa jíròrò rẹ̀ láàárín ara wa, ẹ̀yìn ọmọ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa wà, ọ̀kan nínú wa sì béèrè ìbéèrè tó da omi tútù sí wa lára: tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ló gbé káàdì olówó iyebíye wá láìmọ̀, tí olùtajà sì fi dọ́là 12 rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kíá, gbogbo wa ní olè ni. Nọ́ńbà kan náà, káàdì kan náà, ìdákẹ́jẹ́ kan náà. Kí ló wá yàtọ̀?

Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó yẹ kó mọ̀. Iṣẹ́ olùtajà ni láti mọ iye ọjà rẹ̀. Òun ló ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló fi ẹni tí kò mọ̀ dúró síbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún 12 láti mọ iye ọjà ẹlòmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe bí ìmọ̀ ẹnì kan ṣe ju ti èkejì lọ nìkan ni à ń wò. À ń wò ó pẹ̀lú bóyá ẹni tí kò mọ̀ lágbára láti mọ̀, àti bóyá ipò tó wà béèrè pé kó mọ̀. Tí oníṣòwò méjì bá dákẹ́ fún ara wọn, òwò ni. Tí àgbà bá dákẹ́ fún ọmọdé, ó ti ń di nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé o. Ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, Cicero ará Róòmù kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ lórí ohun tó tọ́ kí èèyàn máa ṣe, ó sì fi àpẹẹrẹ kan síbẹ̀ tí a lè gbé wá sí Sángo láìyí nǹkan kan padà. Oníṣòwò kan kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà lọ sí erékùṣù Rhodes, níbi tí ìyàn ti mú. Ó mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ mìíràn tó kó ọkà wà lójú omi, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Àwọn ará Rhodes kò mọ̀. Ṣé kó sọ fún wọn, kí owó ọkà já wálẹ̀, àbí kó dákẹ́, kó tà á ní owó gọbọi? Cicero ní àwọn onímọ̀ méjì jiyàn lórí rẹ̀. Diogenes ará Bábílónì ní kí ó má tan ẹnikẹ́ni jẹ, kó sì sọ àbùkù ọjà rẹ̀ níbi tí òfin bá ti ní kó sọ ọ́, èyí tó kù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Antipater tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní rárá, kí ó sọ gbogbo rẹ̀, torí ọmọnìkejì rẹ̀ ni àwọn tí ebi ń pa yẹn. Apá ti Antipater ni Cicero gbè sí.

Ìyá tó ń ta gàrí á rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ ti Antipater. Kí n na ọwọ́ sókè láàárín ọjà, kí n pariwo pé ọkọ̀ gàrí mẹ́ta ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, ẹ má tíì rà á lọ́wọ́ mi? Àwa náà kò rò pé ó di dandan kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni pé ọjà Yorùbá ní ètò tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí olójà kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye. Ẹni tó ń rà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà mọ̀ pé ó mọ̀. Òun á pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹ̀yin á bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ẹgbẹ̀rún kan, á béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó ti ilé wá san kún un ni, ẹ ó ṣe bí ẹni ń lọ, á pè yín padà. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní irọ́ kò tíì ná ọjà rí. Àwọn olójà mìíràn wà lápá ọ̀tún àti òsì, èèyàn lè béèrè, èèyàn lè fi wé ara wọn. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Níbi tí ohun gbogbo bá ti wà ní gbangba, ìdákẹ́jẹ́ kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tó dá ọjà yẹn sílẹ̀ náà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Inú ọjà náà ni wọ́n fi òwe yẹn sí. Wọn ò ní àgbà kì í wà nílé. Ẹni tó mọ̀ kò gbọdọ̀ máa wo ẹni tí kò lè mọ̀ kó sì máa ná ọjà tirẹ̀ lọ.

Nǹkan kejì ni èènì. Ẹ ti rí i títí ojú yín ti mọ́ ọn. Wọ́n wọn gàrí tán, kóńgò ti kún dé ṣóńṣó, owó ti pé, àríyànjiyàn ti parí, ìyá náà á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Tí kò bá bù ú, ẹ ó rán an létí: "Ìyá, èènì dà?" Fún kí ni? Tí iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí bá tọ́, kò yẹ kí nǹkan kan kù. Bí àwa ṣe lóye rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dá a lójú pé iye yẹn tọ́ pátápátá. Nínú ìdúnàádúrà, ẹnì kan á ti fi nǹkan kékeré kan rẹ́ èkejì jẹ, kò sì sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Èènì ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn, kí ẹ lè padà wá lọ́la. Àwọn ọmọ náà ní i nínú òwò káàdì tiwọn. Tí káàdì kan bá ju èkejì lọ díẹ̀, wọ́n á ní, "Fi èènì sí i," ẹni tó jèrè á sì fi àwọn káàdì yẹpẹrẹ méjì mẹ́ta kún un. Àwọn kan ti sọ èyí di ẹ̀tàn o, a ò ní parọ́ fún yín: wọ́n á fi èènì márùn-ún bo ojú ẹni tí wọ́n gba ẹyọ káàdì gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé fẹ́ràn púpọ̀.

Ẹlòmíràn á bi wá pé: wàhálà tí mo ṣe kí n tó mọ̀ ńkọ́? Ọmọ tó ń dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀ Sátidé, tó ń ka Complete Football lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi lé e, òun ló mọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ajax àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí Barcelona. Èkejì wà nílé, ó ń sùn. Ṣé kí ìmọ̀ má lérè ni? Ìbéèrè gidi nìyí, a ò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Tí ẹni tó ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bá gbọ́dọ̀ pín in kí ó tó rà, kò ní sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ láti mọ̀ mọ́. Ohun tí àwa lè sọ ni pé èrè ìmọ̀ wà nínú rírí: òun ló rí káàdì náà nígbà tí àwọn yòókù kọjá lára rẹ̀, òun náà ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Kó jèrè. Bí èrè náà ṣe máa tó ló kù.

Ìyẹn ló jẹ́ ká máa fi ojú wò ó. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, a sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí. Tó bá di ọ̀la, tí ọmọ kejì gbọ́ iye káàdì náà lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣé ẹni tó gbà á lè dúró síwájú rẹ̀ kó sọ gbogbo bó ṣe lọ fún un? Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Pápá kan náà ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Tó bá lè sọ ọ́, tí èkejì sì lè bú u díẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, òwò ni wọ́n ṣe. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà pàdé, ó ti mọ ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni iye gan-an? Títí di ibí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iye káàdì wà lára rẹ̀ bí òórùn ṣe wà lára ọṣẹ. Ẹ wo káàdì Mickey Mantle ti ọdún 1952 tí ilé iṣẹ́ Topps ṣe. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni wọ́n ń ta páàkì kan nígbà náà, pẹ̀lú ṣìngọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ tí Mantle wà nínú rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, kò tà, ó kún ilé ìkẹ́rùsí. Ní nǹkan bí ọdún 1960, wọ́n kó àìmọye páálí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹyọ kan nínú àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní dọ́là mílíọ̀nù 12.6. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ há àárín wáyà táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún bí alùpùpù. Ọmọ tó gba Mantle lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1952 kò rẹ́ ẹ jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lónìí, ilé tó lè kọ́ sí Jẹ́ríkò kò níye. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ iwájú kò bá wọn dá sí ọjà náà.

Ti Honus Wagner tiẹ̀ tún yàtọ̀. Inú páàkì sìgá ni wọ́n ń fi káàdì rẹ̀ sí láàárín ọdún 1909 sí 1911, ó sì ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn kan ní torí kò fẹ́ kí ọmọdé máa ra sìgá nítorí òun ni, àwọn mìíràn ní owó ni wọn ò fún un. Èyí tó wù kó jẹ́, kíkọ̀ tó kọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, tí wọ́n fi ta ẹyọ kan ní dọ́là mílíọ̀nù 7.25 ní ọdún 2022. Ọkùnrin kan ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa tà òun, wọ́n wá fi ìyẹn tà á. Ẹ rò ó wò.

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òwe yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ràṣídì Yẹkínì. Ilé iṣẹ́ Panini ní ìlú Modena ní Ítálì ti ń tẹ ìwé sítíkà ti Ife Àgbáyé jáde láti ọdún 1970, ti ọdún 1994 sì ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà wà níbẹ̀, torí ìgbà yẹn la kọ́kọ́ dé ìdíje náà. Ní 21 oṣù kẹfà ọdún yẹn, ní Dallas, Yẹkínì ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bùlgéríà, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé. Ó wọ inú àwọ̀n náà lọ, ó di í mú, ó ń pariwo, ó ń sunkún. Kò sí ilé kan ní Ẹlẹ́yẹlé tí wọn ò ti mọ àwòrán yẹn. Fún wa ní Ìbàdàn, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: Shooting Stars tiwa ló ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí Abiola Babes, Ivory Coast àti Pọ́túgàl tó gbà á.

Ẹ wá sọ pé ọmọ kan ní káàdì òyìnbó tó ṣọ̀wọ́n, Maldini tàbí Romário, ojúlówó láti Lọ́ńdọ̀nù, tó fi gba Yẹkínì ayédèrú tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé wíkiwíki. Gbogbo àwọn tó mọ ọjà á ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ bi í. Ó mọ̀ pé Romário wọ́n. Ó mọ̀ pé ayédèrú ni Yẹkínì náà. Yẹkínì ló fẹ́. Bàbá rẹ̀ rí i ní pápá Liberty kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Awólọ́wọ̀. Àwa kò rò pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ọmọ yẹn jẹ, bí iye ọjà tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ìrẹ́jẹ wá ni pé kí ẹnì kan fi nǹkan pamọ́ fún un, kò sì sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní òdì kejì: a lè fi iye tó dọ́gba gẹ́gẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kó sì jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, tó fi Yẹkínì rẹ̀ gba bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń dọdẹ káàdì náà láti oṣù méjì sẹ́yìn, owó bọ̀ọ̀lì àti owó káàdì lè bára mu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan kan ò dáa níbẹ̀.

A ò lè dárúkọ Yẹkínì ká má sọ èyí tó kù. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní ọdún 1993. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá a nígbà tó kú. Ìbàdàn níbí ló ń gbé nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ara rẹ̀ kò yá, pé ó yẹra fún èèyàn, àwọn aládùúgbò sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kú ní 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ẹni ọdún 48. Nígbà yẹn, àwọn tó fi àwòrán rẹ̀ sínú ọ̀rá kí eruku má baà kàn án wà ní Setúbal, wọ́n wà ní Abidjan, wọ́n wà nílùú wa níbí. Wọn kì í jẹ́ kí etí káàdì náà ṣẹ́. A ò sọ pé ẹni tó ń tọ́jú káàdì ló yẹ kó tọ́jú ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó fi í sí ìkáwọ́ wọn, àìsàn èèyàn kì í sì ṣe ohun tí àlejò ń já lé lórí. Àmọ́ nígbà tí ó kú, owó tí wọ́n ń béèrè lórí ohun tó ní àwòrán rẹ̀ lọ sókè, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó dì í mú títí di ọjọ́ náà jèrè. Ta ló wà ní òdì kejì ọjà yẹn, ẹni tí kò mọ̀? A ti bi ara wa ní ìbéèrè yìí nígbà púpọ̀. Ìdí tí ọkàn wa kò fi balẹ̀ ni pé a ò rí ẹnikẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ, síbẹ̀ a ò lè sọ pé ó mọ́.

Lónìí, ẹ ò ní rí ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò ṣí káàdì ní Ẹlẹ́yẹlé mọ́, àfi díẹ̀. Orí fóònù ló kó lọ. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ra páàkì tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ṣí i, iná tàn yẹ́ríyẹ́rí, agbábọ́ọ̀lù kan jáde. Dátà la fi ń wọ ibẹ̀, owó gidi la sì lè fi rà á. Àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ ní ọdún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni irú páàkì bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ EA sì dáwọ́ títa owó orí géèmù FIFA dúró lọ́hùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Apple náà ti ní láti ìparí ọdún 2017 pé kí àwọn géèmù máa kọ ọ́ síbẹ̀ bí àǹfààní ohun tó dára ṣe kéré tó. Wọ́n ń kọ ọ́ lóòótọ́, ní lẹ́tà wínníwínní. Diogenes ará Bábílónì á ní wọ́n ti ṣe ojúṣe wọn.

Nínú òwò yìí, ẹni tó mọ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ iye ìgbà tí ọmọ náà ti ṣí páàkì, ó mọ aago tó fi ń ṣí i, ó mọ agbábọ́ọ̀lù tó ń wá. Kò gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò ní bá a pàdé ní pápá nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nídìí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù, àwọn ọmọ mẹ́rin kó orí jọ sórí fóònù kan. Èyí tó ni í ti ra páàkì kẹta, gólì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló tún jáde. Èyí tó kéré jù nínú wọn fi ìka kan gíláàsì náà, ó ní kí wọ́n fi èènì sí i.